Bí Mo Ṣe Fẹ́ Fi Ìwé Oúnjẹ Dá Màámi Dúró

Inú balùwẹ̀ ni ohùn Màámi ti ń jáde. Mo di aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ mọ́ra, ó ṣì ń gbóná láyà mi, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láìfẹ́ dúró. Wọ́n ń bá àbúrò wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Jonesboro sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ń béèrè bóyá ó lè bá àwọn yí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àwọn padà, kí àwọn lè máa lọ sílé kí Jánúárì tó parí. Wọ́n rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó mọ̀ pé ohun tí òun ń tọrọ máa dun ẹnì kan.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, torí bí mi ò bá ṣàlàyé rẹ̀, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà máa dà bí ìwà òmùgọ̀ lásán. Inú ò bí mi. Kì í sì í ṣe pé mo kàn banú jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ yàrá ìdánwò, tó wá rí i pé ìwé tí òun kà kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Láti ìgbà tí mo ti wá kàwé ní Atlanta, mi ò fojú kan Màámi rárá títí di Dìsẹ́ńbà tó kọjá. Àárín ìgbà yẹn ni bàbá mi kú. Bí mo bá lọ sílé nígbà yẹn, àwọn aṣọ́bodè ò ní jẹ́ kí n padà wọlé síbí, nítorí náà orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn. Mo wọ aṣọ funfun, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù dúró ti ìrọ̀rí. Nígbà tí Màámi gba físà wá síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege mi ní Dìsẹ́ńbà, àdéhùn wa ni pé wọ́n á dúró títí di ọdún Àjíǹde. Mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ bá wọn sọ nípa Bàbá sínú orí mi. Mi ò tíì sọ ẹyọ kan níbẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá kan ilẹ̀kùn, kó béèrè. Èmi ò béèrè. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé a kì í bi àgbà pé kí ló dé tó fẹ́ lọ, kó má dà bíi pé à ń dè é mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ìdáhùn wọn ló ń bà mí. Mo yáa dá ara mi lóhùn pé òtútù ni. Jánúárì ni, ní Marietta tí mò ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta, òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń rọ̀, igi ti wọ́ ewé dànù, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Màámi máa ń ró ìró méjì lé ṣòkòtò. Wọ́n ní òòrùn ìlú yìí, wíwò lásán ló wà fún.

Ní ilé ìkàwé tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ mi, wọ́n to àwọn ìwé tuntun sórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn lórí oúnjẹ inú ilé àti bí a ṣe lè fi ìrọ̀rùn gbé ìgbà òtútù. Mo yá mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ ti ọbẹ̀ àti ẹ̀wà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹran tí à ń fi iná jẹ́jẹ́ sè láti ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èyí tó kù ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní oúnjẹ nínú rárá: bí a ṣe ń tan àbẹ́là, bí a ṣe ń dín iná pálọ̀ kù, bí a ṣe ń tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí àga kó lè máa pe ènìyàn. Nínú àwòrán wọn, yìnyín ti bo ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ní Atlanta tiwa, bí yìnyín bá já bọ́ bí iyọ̀ tí a wọ́n sórí ẹyin, wọ́n ti ti ilé ìwé pa nìyẹn, omi àti búrẹ́dì á sì ti tán nílé ìtajà.

Mo kà wọ́n bí ẹni ń kàwé ìdánwò. Ohun tó mú mi nínú wọn ni pé ọ̀rọ̀ wọn dá wọn lójú. Ṣe báyìí, ilé rẹ á móoru. Sè é báyìí, àwọn tó o fẹ́ràn á pẹ́ lórí tábìlì. Èmi tí mi ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n ṣì máa gbà kí n wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tí mò ń ka ímeèlì kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó fi ránṣẹ́, mo nílò ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lójú.

Mo ra àbẹ́là olóòórùn dídùn. Mo ra ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, mo sì ra bùláńkẹ́ẹ̀tì kan tó wúwo bíi pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ pa iná pálọ̀, tí mo tan àbẹ́là káàkiri, Màámi yọjú láti yàrá.

"Wọ́n ti mú iná lọ níbí náà?"

Mo ní rárá o, mà, ìrọ̀rùn ni. Mo ṣàlàyé ohun tí ìwé wí, gbogbo rẹ̀, títí dé orí bí iná kékeré ṣe ń mú ọkàn balẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iná, ẹ pa á, ẹ wá ń tan àbẹ́là, àwọn tí wọn ò sì ní i nílé ń gbààwẹ̀ sí i.

Mo mú wọn jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ fúnra mi, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n dé àyà, mo ní kí wọ́n má dìde. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìkòkò mọ́. Bí mo bá wà nílé tí wọ́n yọjú sí ilé ìdáná, màá dá wọn padà. Ṣé ọmọ tó gbọ́n máa wà níbẹ̀ kí ìyá rẹ̀ máa dáná? Ohun tí mo rò nìyẹn, ó sì dá mi lójú pé kò sí ẹni tó máa dá mi lẹ́bi.

Ọbẹ̀ elégédé ni mo kọ́kọ́ sè. Ìwé ní kí n lọ̀ ọ́ kúnná títí yóò fi máa dán. Màámi tọ́ ọ wò, wọ́n wo inú abọ́, wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

"Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

Mo ní kò sí, mà. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n mu ún bí ẹni ń mu oògùn, wọ́n súre fún mi. Lọ́jọ́ kejì, mo se ẹ̀wà funfun kan tí wọ́n ní kí a má fi ata sí, kí a má fi epo sí, ewé olóòórùn nìkan. Wọ́n bi mí pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ẹ̀wà náà ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n sì tún súre. Alaalẹ́ ni wọ́n máa ń tọ́ díẹ̀ wò, tí wọ́n á ní àwọn ti yó. Èmi á wá dùbúlẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé ìyá mi ń fi ebi pa ara wọn nínú ilé mi nítorí ìwà ọmọlúàbí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò rù. Mo ka ìyẹn sí àánú Ọlọ́run.

Ohun kan ṣoṣo tó ń fún mi nírètí ni àwọn àbẹ́là yẹn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, gbogbo wọn ni mo máa ń bá ní títàn: ti pálọ̀, ti ilé ìdáná, títí kan èyí tó wà lórí fíríìjì. Fèrèsé ilé ìdáná á ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Màámi á wà lórí àga, bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀. Mo ní, ọ̀rọ̀ ìwé ti ń wọ̀ wọ́n létí.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀, mo bá pe Ọ́ńkù, àbúrò Màámi yẹn. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí wọn ò bá sì lọ síbi iṣẹ́, wọ́n máa ń wá kí Màámi nígbà tí èmi kò sí nílé. Láti ọjọ́ ayẹyẹ mi ni wọn ò ti pe orúkọ mi mọ́. Mo sọ fún wọn pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Mo sọ bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ ìmúlégbóná sókè, mo sọ ti ìbọ̀sẹ̀, mo sọ ti ọbẹ̀ mẹ́rin tí mo ti sè. Wọ́n jẹ́ kí n parí.

"Gírájúéètì," ni wọ́n wí, "ṣé o ti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́?"

Mo ní mo rò pé òtútù ni, sà.

Wọ́n ní àwọn ò béèrè ohun tí mo rò. Wọ́n ní bí ìjọsìn bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, àwọn máa gbé lápútọ́ọ̀pù wá láti wá yí tíkẹ́ẹ̀tì náà, nítorí náà, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan bá àǹtí àwọn sọ, kí n tètè sọ ọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rín mọ́ra, mi ò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Sátidé nìkan ló kù fún mi. Ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ ì bá fi Sátidé sọ̀rọ̀. Èmi fi í dáná. Mo yan oúnjẹ tó le jù nínú ìwé ẹran: odindi ègé ẹran màlúù ńlá kan, kárọ́ọ̀tì, ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà, tí a ó kó sínú ìkòkò irin, tí a ó sì gbé sínú ófùn ìsàlẹ̀ sítóòfù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú àwòrán rẹ̀, ìdílé kan yí tábìlì ká, kò sẹ́ni tó wo aago nínú wọn. Àwòrán yẹn ni mo fẹ́, ju ẹran lọ.

Mi ò tíì tan ófùn yẹn rí láti ìgbà tí mo ti gba ilé náà. Kọ́bọ́ọ̀dù ni mo fi ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Ní ilé wa, inú ófùn ni páànù ìdín-nǹkan máa ń gbé, pẹ̀lú àwọn ìdérí tí ìkòkò wọn ti sọnù. Ọjọ́ tí mo yá àwọn ìwé náà ni mo kó páànù mi jáde níbẹ̀, nítorí náà ó dá mi lójú pé ó ṣófo. Màámi wà nínú yàrá, wọ́n ń ka Bíbélì. Ìwé ní kí a kọ́kọ́ mú ófùn gbóná. Mo yí bọ́tìnnì rẹ̀, mo kọjú sí àlùbọ́sà.

Òórùn tó kọ́kọ́ jáde dára. Mo rántí pé mo dúró, mo fa imú, mo sì rò pé òórùn irú ni. Mo ní àárò ilé ló ń ṣe mí. Mo tiẹ̀ ń ronú lórí bí àárò ṣe lè mú kí imú ènìyàn máa tan án jẹ, nígbà tí òórùn ike jíjó dé. Kí n tó yíjú padà, ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá gbalé ti bẹ̀rẹ̀ sí í han lórí wa. Mo ṣí ilẹ̀kùn ófùn, èéfín dúdú rọ́ lù mí lójú.

Ike áìsìkíríìmù méjì ló wà níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú fíríìjì gbogbo ará ilé wa, tí o máa ṣí pẹ̀lú ìrètí, tí o sì máa bá ọbẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti yọ́, wọ́n ti wó lu ara wọn. Ẹ̀fọ́ rírò ń hó lórí ọ̀kan, ata díndín ń ṣàn jáde lára èkejì. Lẹ́yìn wọn, ìkòkò kékeré kan jókòó, aṣọ ìnura tí wọ́n fi wé e ti ń jó létí.

Màámi sáré jáde. Wọ́n pa iná ófùn, wọ́n fa aṣọ ìnuwọ́ kan, wọ́n fi pa èyí tó ń jó, wọ́n gun àga, wọ́n ń fẹ́ èéfín kúrò lára ẹ̀rọ náà títí ó fi dákẹ́. Èmi ṣì di ọ̀bẹ mú. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo inú ófùn fún ìgbà pípẹ́.

"Ọbẹ̀ mi," ni wọ́n wí.

A ṣí gbogbo fèrèsé. Òtútù tí mo ti ń lé fún ọ̀sẹ̀ méjì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Màámi gbé kóòtù wọ̀, wọ́n mú ṣíbí onígi, wọ́n ń họ ike nílẹ̀ ófùn, wọ́n sì ń ròyìn fún mi bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Bí mo bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n ń dáná. Ọ́ńkù ló ń bá wọn ra ẹ̀fọ́, ata àti irú wá láti Jonesboro. Wọn ò gbé e sínú fíríìjì, kí n má bàa rí i. Wọ́n ń gbé e kaná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má bàa kan, wọ́n á sì dá a padà sínú ófùn, torí àwọn ò rò pé a rí ẹni tó ń tan iná sí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Àbẹ́là yẹn wúlò gan-an o," ni wọ́n ní. "Ó ń bo òórùn irú."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Mo ní ẹ̀yin ì bá ti sọ fún mi, mà. Wọ́n ní kí àwọn sọ kí ni? Ṣé kí àwọn sọ fún ọmọ tó ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ dáná pé oúnjẹ rẹ̀ kò ṣeé jẹ? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní mo fẹ́ kí ilé móoru ni, kí wọ́n lè dúró, torí mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí Bàbá ń lọ, mo sì ń ronú pé bí mo bá tọ́jú wọn dáadáa, bóyá ẹ̀dùn yẹn á dín kù, kì í ṣe pé ó máa tán, mo mọ̀ pé kò lè tán, ṣùgbọ́n… Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ọkọ mi, ṣé o mọ ohun tí mo ṣe fún bàbá rẹ lóṣù tí wọ́n lò kẹ́yìn?"

Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mi ò sì béèrè.

"Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n dé ibí." Wọ́n fi ṣíbí kan àyà ara wọn. "Mo lọ oúnjẹ wọn kúnná. Mo ní kí wọ́n má dìde. Alaalẹ́ tó o bá ṣe é fún mi, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó ti kàn mí."

Mi ò lè ròyìn bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bà mí, bẹ́ẹ̀ èmi sì nìyí, tí mo máa ń ròyìn gbogbo nǹkan. Gbogbo ohun tí mo ti tò sínú orí láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò sí èyí tó dúró níbẹ̀ mọ́. Mo ní:

"Ẹ má lọ, mà."

Wọ́n wo orí tábìlì, wọ́n bi mí bóyá bí ẹran náà ṣe máa wà nìyẹn. Wọ́n ní kí n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n dá mi dúró, wọ́n fi bí a ṣe ń gé e hàn mí, wọ́n tún dá mi dúró. Orí sítóòfù la ti sè é, pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata gbígbẹ tí wọ́n fà jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí ẹrù wọn. A wọ kóòtù jẹun. Bí a ṣe ń jẹ, wọ́n sọ fún mi pé inú máa ń bí Bàbá sí oúnjẹ lílọ̀ yẹn, àti pé lọ́jọ́ kan Bàbá tu ú sí Màámi lára, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Màámi ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo dìde lọ fọ abọ́ tí kò tíì dọ̀tí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Ọ́ńkù dé pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fa imú.

"Gírájúéètì, mo gbọ́ pé o yan kọ́bọ́ọ̀dù jẹ lánàá."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Mi ò lè jókòó. Mo ń gbé omi wá, mo ń gbé e padà. Màámi sọ fún àbúrò wọn pé kó fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, títí di ọdún Àjíǹde. Kí ayọ̀ mi tó délẹ̀, wọ́n ní ṣùgbọ́n àwọn máa bá a lọ sí Jonesboro. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé Ọ́ńkù, wọ́n ń ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ebi, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í tètè bọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn á máa gbé. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún náà ni mo rí gbà, ó sì ń kúrò nínú ilé mi.

Wọ́n rí ojú mi. "Mi ò kọ̀ ọ́. Ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé, tó sì ń jáde láti òwúrọ̀, ta ni mo fẹ́ máa dáná fún níbẹ̀?"

Mo ní mo lè jẹun púpọ̀, mà. Ọ́ńkù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ nu ẹ̀yìn orí mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo kéré, wọ́n sì lọ di ẹrù wọn.

Èmi ni mo gbé wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láti Marietta dé Jonesboro, àárín ìlú la máa gbà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Màámi sùn lójú ọ̀nà. Mo ń wo ojú wọn nígbàkigbà tí iná pupa bá dá wa dúró, mo ń wá bí mo ṣe máa sọ pé inú mi dùn àti pé inú mi kò dùn, kí wọ́n má sì gbọ́ ọ̀kan kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Nígbà tí a dé, mo gbé àpótí wọn dé ẹnu ọ̀nà, mo la ẹnu. Wọ́n ti mọ̀ pé àlàyé ló ń bọ̀.

"Lọ síbi iṣẹ́ rẹ," ni wọ́n wí. "Sátidé, má jẹun kó o tó wá."

Wọ́n wọlé. Mo padà sínú ọkọ̀, mi ò tan án. Mo ń rò ó bóyá ó yẹ kí n lọ béèrè pé aago mélòó, àti bóyá ọ̀sẹ̀ yìí nìkan ni àbí gbogbo Sátidé, nígbà tí mo rí wọn lójú fèrèsé ilé ìdáná Ọ́ńkù, kóòtù ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.